Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: bí a ṣe ń fi proxy wọ íntánẹ́ẹ̀tì láti inú terminal

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin ní ilẹ̀ Benin wa níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn jí, wọ́n rí i pé WhatsApp àti Facebook kọ̀, wọn ò ṣí. Nígbà tó ṣe lọ́jọ́ yẹn kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì lọ pátápátá. Ọjọ́ kejì ló tó padà. Àwọn ará wa ní Tógò ti rí irú rẹ̀ ṣáájú wa: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà tí ìwọ́de ń lọ lọ́wọ́ ní Lomé àti láwọn ìlú míì, wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2020, tí wọ́n ń dìbò yan ààrẹ ní Tógò, ọ̀tọ̀ ni tìyẹn: íntánẹ́ẹ̀tì wà, àmọ́ wọ́n dí WhatsApp, Messenger àti Telegram. Ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kíní ọdún 2022, Twitter nìkan ni wọ́n dí, gbogbo ìyókù ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé oríṣi méjì ni ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà míì, wọ́n á dí ẹnu ọ̀nà ilé kan tàbí méjì. Nígbà míì, wọ́n á gé afárá tí gbogbo ìlú ń gbà. Proxy tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí wúlò fún ti àkọ́kọ́. Kò wúlò rárá fún ìkejì. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní fi owó mẹ́gà rẹ̀ ṣòfò lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le. Yálà ó ń ṣiṣẹ́ ní rédíò abúlé tó fẹ́ fi ìròyìn ránṣẹ́ ni o, yálà ó ní ọmọ lókè òkun tó ń retí ohùn rẹ̀, ó yẹ kó mọ ibi tí agbára ohun èlò yìí dé, àti ibi tó parí sí.

Kí ni proxy?

Ní Faransé wọ́n ń pè é ní serveur mandataire. Ní èdè tiwa, alárinà ni.

Ká sọ pé ẹ fẹ́ ra epo lọ́wọ́ ìyá kan lọ́jà. Ẹnì kan wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá elépo. Àmọ́ kò ní kí ẹ má lọ sílé àǹtí yín. Ẹ bá gba ilé àǹtí yín lọ, òun ló bá yín ra epo, ó sì gbé e wá fún yín. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rí i pé ẹ lọ sílé àǹtí, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ẹ rán an, torí inú àpò tí a dì ni ẹ fi í sí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Kọ̀ǹpútà kan tó wà níbi tí wọn ò ti dí nǹkan kan ni àǹtí yẹn. Kọ̀ǹpútà yín á bá a sọ̀rọ̀, òun á bá yín lọ sí ìkànnì tí ẹ fẹ́, á gbé èsì wá. Ohun méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn láti ìsinsìnyí: ilé-iṣẹ́ tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún yín rí i pé ẹ ń lọ sílé àǹtí, àǹtí fúnra rẹ̀ sì mọ gbogbo ibi tí ẹ rán an.

Kí ló dé tí a fi yan terminal?

Terminal ni ojú dúdú tí a máa ń kọ àṣẹ sí nínú kọ̀ǹpútà. Ó ń ba àwọn kan lẹ́rù, àmọ́ kò le. Kò jẹ mẹ́gà púpọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, kò sì sí pé ẹ ń wá áàpù VPN kiri lọ́jọ́ tí wọ́n lè ti dí ìkànnì VPN náà pẹ̀lú. Linux àti Mac ti ní in lára, Windows 10 àti èyí tó tẹ̀ lé e náà ní in. Lórí fóònù Android, áàpù kan wà tó ń jẹ́ Termux, ọ̀fẹ́ ni; ẹ lè rí i lórí F-Droid. Tí ẹ bá ti gbé Termux sórí fóònù, ẹ kọ:

pkg update
pkg install curl openssh tor

Lórí Ubuntu tàbí Debian:

sudo apt install curl openssh-client tor

Ọjọ́ tí nǹkan ṣì ń lọ dáadáa ni ká ṣe èyí. Tí ọ̀nà bá ti dí, a lè má rí ibi tí a ó ti gbà wọ́n mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìdènà tó wà níwájú yín

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà dí ìkànnì. Àkọ́kọ́ ni orúkọ: tí ẹ bá kọ orúkọ ìkànnì, ìwé orúkọ tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò, tí à ń pè ní DNS, á ní òun ò mọ̀ ọ́n, tàbí kó júwe ibòmíì fún yín. Èkejì ni nọ́ńbà: wọ́n á dí àdírẹ́sì IP ìkànnì náà. Ẹ̀kẹta ni pé ẹ̀rọ wọn á máa ka orúkọ ìkànnì tó wà lẹ́yìn ìránṣẹ́ yín bó ṣe ń kọjá. Tó bá rí èyí tí wọ́n kọ̀, á já okùn náà.

Ẹ kọ àṣẹ mẹ́ta yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan:

ping -c 3 1.1.1.1
curl -I https://www.wikipedia.org
curl -I https://www.facebook.com

Lórí Windows, ẹ yọ « -c 3 » kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Tí ping bá dáhùn tí Wikipedia sì dáhùn, tí Facebook nìkan kọ̀, a jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n dí. Proxy á wúlò. Tí ẹ bá rí « Could not resolve host », ìwé orúkọ ló ṣeé ṣe kí wọ́n fi dí i. « Connection timed out » sábà máa ń jẹ́ ti nọ́ńbà. « Connection reset by peer » sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan já okùn náà lójú ọ̀nà.

Tí kò bá sí ọ̀kan tó dáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá mẹ́gà yín ló tán. Tí mẹ́gà bá ṣì wà, tí ti aládùúgbò yín náà ò sì ṣiṣẹ́, afárá ni wọ́n gé. Ẹ fò lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí a ti sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.

Ẹ wá àǹtí tí ẹ ó gba ilé rẹ̀ lọ

Ẹ nílò kọ̀ǹpútà kan tó wà níbòmíì tí a ò ti dí nǹkan, tó ń wà ní títàn nígbà gbogbo. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà ní Paris tàbí Montréal lè yá kọ̀ǹpútà kékeré kan ní ilé-iṣẹ́ tó ń fi serveur háyà, èyí tí wọ́n ń pè ní VPS. Ọ̀kan péré tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ẹbí. Ẹni tó ni ín á ṣí àyè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀.

Dípò ọ̀rọ̀ aṣínà, kọ́kọ́rọ́ ló dára jù. Níbi tí ẹ wà, ẹ kọ:

ssh-keygen -t ed25519

Á ṣe fáìlì méjì. Èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pub ni àgádágodo: òun ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì ~/.ssh/authorized_keys nínú àyè tó ṣí fún yín. Èkejì ni kọ́kọ́rọ́ gan-an. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó jẹ́.

Ẹ la ọ̀nà

Àṣẹ kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Ẹ fi orúkọ àti àdírẹ́sì tiyín rọ́pò èyí tó wà níbí, torí àpẹẹrẹ lásán ni:

ssh -N -C -D 1080 -o ServerAliveInterval=60 oruko@203.0.113.10

Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí. « -D 1080 » ní kí kọ̀ǹpútà yín ṣí ẹnu ọ̀nà kan nínú ara rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1080; ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ wọlé, ilé àǹtí ni yóò ti jáde. « -N » ní ọ̀nà nìkan la fẹ́, a ò fẹ́ ṣe iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀. « -C » ń fún ẹrù pọ̀ kó má jẹ mẹ́gà. Èyí tó kẹ́yìn ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú kí okùn má baà já.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, á sọ fún yín pé òun ò tí ì mọ kọ̀ǹpútà yìí rí, á sì kọ àmì gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SHA256. Ẹ má kàn kọ « yes » bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín lórí fóònù, kí òun náà kọ àṣẹ yìí lórí serveur rẹ̀:

ssh-keygen -lf /etc/ssh/ssh_host_ed25519_key.pub

Kó ka àmì tó rí sí yín létí. Tí méjèèjì bá jọra, ẹ kọ « yes ». Tí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ kọ « no », torí ó lè jẹ́ pé ẹlòmíì ló jókòó sáàárín, tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni àǹtí.

Lẹ́yìn náà, terminal á dákẹ́, kò ní sọ nǹkan kan mọ́. Kó má yà yín lẹ́nu. Ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ṣí terminal kejì. Nínú Termux, ẹ fi ìka fa ojú fóònù láti apá òsì, kí ẹ tẹ « New session ».

Ẹ sọ fún àwọn ètò yòókù pé ọ̀nà ti là

Nínú terminal kejì, ẹ kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì tí ayé fi ń rí yín:

curl https://api.ipify.org

Ẹ kọ nọ́ńbà tó bá jáde sílẹ̀. Lẹ́yìn náà:

export ALL_PROXY=socks5h://127.0.0.1:1080
export NO_PROXY=localhost,127.0.0.1
curl https://api.ipify.org

Tí nọ́ńbà bá ti yí padà sí ti serveur ẹ̀gbọ́n yín, ọ̀nà ti là nìyẹn. Tó bá ṣì jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá, ẹ ò tí ì gba ilé àǹtí kankan. Ẹ tún àṣẹ kọ, kí ẹ ṣọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo lẹ́tà « h » tó wà lẹ́yìn socks5. Ó kéré, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Tí ẹ bá kọ socks5 lásán, kọ̀ǹpútà yín á ṣì máa béèrè orúkọ ìkànnì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó lọ sílé àǹtí. Bí wọ́n bá fi ìwé orúkọ dí i, ẹ ò ní rí i ṣí. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n á mọ orúkọ gbogbo ibi tí ẹ ń lọ. Pẹ̀lú « h » yìí, àǹtí fúnra rẹ̀ ló ń béèrè orúkọ.

Tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ kọ:

unset ALL_PROXY

kí ẹ sì tẹ Ctrl àti C nínú terminal àkọ́kọ́ láti ti ọ̀nà. Bí ẹ bá ti ọ̀nà láì kọ unset, gbogbo nǹkan á kọ̀ nínú terminal yẹn, ẹ ó sì rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́. Ẹ lè fi ìlà méjì yìí sínú fáìlì ~/.bashrc kó lè rọrùn:

alias tan='export ALL_PROXY=socks5h://127.0.0.1:1080'
alias pa='unset ALL_PROXY'

Láti ìgbà yẹn, tí ẹ bá ṣí terminal tuntun, ẹ kọ « tan » láti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ « pa » láti parí.

Kì í ṣe gbogbo ètò ló ń ka ALL_PROXY. curl ń kà á. Fún git, ẹ lè sọ ọ́ fún un ní tààrà:

git config --global http.proxy socks5h://127.0.0.1:1080

Firefox lórí kọ̀ǹpútà kò ní kà á; ẹ wọ inú Paramètres, kí ẹ wá « Paramètres réseau », ẹ yan pé ẹ fẹ́ fi ọwọ́ tò ó, ẹ kọ 127.0.0.1 sí ibi « Hôte SOCKS », 1080 sí ibi « Port », ẹ yan SOCKS v5. Ẹ tún fàmì sí ibi tó ní kí DNS gba inú proxy kọjá: iṣẹ́ kan náà ni ìyẹn ń ṣe pẹ̀lú « h » wa.

Tí ẹ ò bá ní ẹnikẹ́ni lókè òkun

Tor wà. Ọ̀fẹ́ ni. Àǹtí mẹ́ta ló máa ń fi ìránṣẹ́ yín lé ara wọn lọ́wọ́, tó fi jẹ́ pé kò sí ọ̀kan tó mọ ẹni tó rán an àti ibi tó ń lọ pa pọ̀. Ẹ kọ « tor » nínú terminal kan, ẹ dúró kó dé 100%, kí ẹ wá kọ nínú èkejì:

export ALL_PROXY=socks5h://127.0.0.1:9050

Ó máa ń fà díẹ̀, ẹ ní sùúrù. Tí wọ́n bá dí Tor fúnra rẹ̀, ó ní àwọn ọ̀nà kọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní bridge. Ẹ lè béèrè wọn nípa kíkọ lẹ́tà láti Gmail sí bridges@torproject.org, àmọ́ ẹ ṣe é kí ọjọ́ tó pé.

Tó bá kọ̀

« Connection refused » lórí 127.0.0.1 túmọ̀ sí pé terminal àkọ́kọ́ ti kú. Ẹ tún ọ̀nà là. Tí ssh fúnra rẹ̀ bá dúró láì dáhùn, ó lè jẹ́ pé wọ́n dí ẹnu ọ̀nà 22 tí ssh máa ń gbà. Kí ẹ̀gbọ́n yín fi ìlà méjì, « Port 22 » àti « Port 443 », sínú /etc/ssh/sshd_config, kó tún ssh tan; kí ẹ̀yin náà fi « -p 443 » kún àṣẹ yín. Ẹnu ọ̀nà 443 ni gbogbo ìkànnì tó ní https ń gbà, kò sì rọrùn láti tì í láì ba iṣẹ́ báńkì àti ti ìjọba jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù wò dáadáa ṣì lè mọ̀ pé ssh ló ń kọjá.

Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Proxy ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn á sì máa pín nọ́ńbà wọn kiri lọ́jọ́ ìdìbò. Ta ló ni ín? Kí ló ń jẹ? Ẹni tó ni proxy ń rí gbogbo ìkànnì tí ẹ lọ. Ìkànnì tí kò bá ní https, á lè ka ohun tí ẹ kọ síbẹ̀, á tún lè yí i padà. Nítorí náà, tí a bá rí ìkìlọ̀ pé certificat ìkànnì kan kò dára, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má tẹ̀ síwájú. Ẹ má sì kọ kóòdù Mobile Money tàbí ti báńkì nígbà tí ẹ bá ń gba ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ò mọ̀ kọjá.

Ẹ má gbàgbé pé proxy kì í sọ èèyàn di àìrí. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí i pé ẹ bá kọ̀ǹpútà kan sọ̀rọ̀ lókè òkun, ó sì mọ orúkọ tó wà lórí sìmù yín. Ohun tí òfin kà sí ẹ̀ṣẹ̀ kò tìtorí proxy di ẹ̀tọ́: ìwé òfin code du numérique ti ilẹ̀ Benin, nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ṣì ń bá ẹni tó bá tan irọ́ kálẹ̀ tàbí tó bú èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì wí. Ṣùgbọ́n òfin ò fi gbogbo ẹ̀tọ́ sí ọwọ́ ìjọba nìkan. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ CEDEAO dájọ́ pé bí Tógò ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì pa lọ́dún 2017 tẹ ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn láti sọ̀rọ̀ lójú. Ní oṣù keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ kan náà dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lórí Twitter tí wọ́n dí ní Nàìjíríà.

Tí wọ́n bá gé afárá

Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ pátápátá, bíi ti ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2019, kò sí ọ̀nà tí ẹ ó gbà dé ilé àǹtí rárá. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní òun ní proxy tí yóò ṣiṣẹ́, kí ẹ má sì sanwó fún un. Ohun tó kù ni ìpè àti SMS, tí wọ́n bá ṣì ń lọ, àti rédíò. Ẹni tó ń gbé nítòsí ààlà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lè lo sìmù tibẹ̀ tó bá ní in. Kí ẹ kọ nọ́ńbà àwọn èèyàn yín sínú ìwé, torí nọ́ńbà tó wà nínú WhatsApp nìkan kò ní wúlò lọ́jọ́ yẹn.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ẹ gbé àwọn ètò yìí sórí ẹ̀rọ yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bá ẹni tó ní serveur sọ̀rọ̀, ẹ dán ọ̀nà náà wò lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì ń lọ déédéé. Kí ẹ wá kọ àṣẹ mẹ́ta wọ̀nyí sínú ìwé kan, kí ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ: èyí tó ń wádìí, èyí tó ń la ọ̀nà, èyí tó ń tì í.